Èmi Ni Mo Wọ Bàtà fún Bàbá Rélùwéè, Mo Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Pé Òun Ló Wọ̀ Ọ́

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín yìí, mo mọ̀ ọ́n ju ìyá tó bí i lọ. Àwo kan náà la fi ń jẹun, orúnkún kan náà la fi ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n máa pè é ní "èmi", ìtìjú kò ní jẹ́ kí báírò ọwọ́ mi rìn. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìyá Jẹ́jẹ́, bí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ṣe ń pè é, nítorí kì í pariwo, kì í sì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ yìí kan náà ló pa irọ́ kan ṣoṣo ní ìgbà mẹ́rìndínlógójì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n kà á lójú rẹ̀.

Báàgì mẹ́rin ni òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo gbé dé òkè òkun. Ìwé ọdún kan ni ìjọba ibẹ̀ fún wọn. Bí ọdún bá fi yípo tí ọ̀kan nínú tọkọtaya náà kò tíì rí iṣẹ́ tó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kí wọ́n tún báàgì mẹ́rin náà dì, ó parí.

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Wọn, ti ṣe hẹ́dímásítà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà, ó ń ka ìwé ìròyìn ìlú onílùú, ó ń retí iṣẹ́ tó bá ipò rẹ̀ mu.

"Iṣẹ́ tí kò bá ti ní tábìlì," ló máa ń wí, "eré ọmọdé ni."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ń bá a kọ fọ́ọ̀mù. Òun ló ń bá a lọ ṣẹ́ẹ̀tì, òun ló ń gbé tíì lọ bá a létí fèrèsé. Oṣù kẹrin pé, tábìlì kò dé.

Ọmọ wọn ló rí bébà kan lára ilẹ̀kùn onígíláàsì lójú ọ̀nà ilé-ìwé rẹ̀. Ó sáré wọlé pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Màmi! Wọ́n ń wá olùrànlọ́wọ́ o! Fún àwọn arúgbó!"

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ tó fi ń dáná. Ó dé ibẹ̀. Ọ̀gá obìnrin tó gbà á lálejò bi í pé, "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà?"

"Màdáàmù, inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Wọ́n gbà á lójú ẹsẹ̀. Oṣù méjì ìdánwò, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa tó fún un ní lẹ́tà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin tí kì í jó ní ilé ìjọsìn, àfi kó máa mi orí díẹ̀díẹ̀, ó jó láti ẹnu ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn títí dé ibi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tí iná ní kó dúró, ó dúró, ó ń mi èjìká. Nígbà tí iná ní kó kọjá, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló tó mọ irú ilé tó wọ̀. Kì í ṣe ilé tí wọ́n ń kó arúgbó sí títí ọjọ́ alẹ́. Àgbàlagbà tó bá ṣubú tí egungun rẹ̀ kán, tí ọsibítù ti bá a tò ó, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó lè tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń wọṣọ, bí wọ́n ṣe ń po tíì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n á dán an wò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, wọ́n á tún dán an wò. Ẹni tó bá yege ń padà sí ilé ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá yege, wọ́n á gbé e lọ sí ilé kejì, ibi tí wọn kì í ti í bọ̀.

Ọ̀gá yẹn kó àwọn òṣìṣẹ́ tuntun jọ. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bó ṣe ń rìn ko-ko-ko, bí aago ni.

"Ọwọ́ lẹ́yìn!" ló kọ́kọ́ sọ. "Níbí yìí, ọwọ́ lẹ́yìn la fi ń ṣiṣẹ́. Bí àgbàlagbà bá ń wọ bàtà, dúró tì í. Gbà á níyànjú. Má jẹ̀ẹ́ kó ṣubú. Àmọ́, má fọwọ́ kan bàtà yẹn."

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ lórúkọ nínú ọkàn rẹ̀: Màdáàmù Má-fọwọ́-kàn-án.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Bàbá Wọn nílé, Bàbá Wọn ká ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Wọ́n gbà ọ́ ní olùrànlọ́wọ́, wọ́n wá ní o ò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, sà."

"Ayé ti bàjẹ́. Bá mi gbé tíì wá."

Ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni wọ́n gbé Bàbá Rélùwéè dé. Ogójì ọdún ló fi wa ọkọ̀ rélùwéè láìṣubú, inú ọgbà tòmátì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló wá ṣubú sí. Tòmátì yẹn nìkan ló ń sọ. "Ta ló ń bomi rin ín? Ta ló ń fi igi tì í?" Kò fẹ́ nǹkan míì láyé ju kó padà lọ bá tòmátì rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ síbi bàtà. Ó kérora. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé e. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún kérora.

Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró tì í, ọwọ́ lẹ́yìn.

Ẹ bá mi wò ó. Nílé tí wọ́n ti tọ́ obìnrin yìí, bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ tí ọmọdé dúró ṣánṣán, ìyá rẹ̀ á wo olúwarẹ̀ látòkè délẹ̀, á ní, "Ṣé òpó ni mo bí ni?" Ìyá yẹn ti kú láti ọdún méje. Ohùn rẹ̀ dún nínú yàrá yẹn kedere.

Ìyá Jẹ́jẹ́ yọjú wo ọ̀nà. Kò sí Má-fọwọ́-kàn-án. Ló bá kúnlẹ̀. Wàrà-wàrà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, okùn ti dì.

Bàbá Rélùwéè wo bàtà rẹ̀, ó wo obìnrin náà, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Ọmọ mi," ló sọ, "Ọlọ́run ló rán ọ wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn débi pé ara rẹ̀ fúyẹ́. Láti ìgbà tó ti dé ìlú náà, kò sẹ́ni tó pè é ní ọmọ. "Ẹni tó kàn" ni wọ́n ń pè é ní gbogbo ọ́fíìsì.

Ìwé kan wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Apá kan kà pé "Ó ṣe é fúnra rẹ̀." Apá kejì kà pé "A ràn án lọ́wọ́." Ìyá Jẹ́jẹ́ mú báírò. Ó gbé e lọ síbi òtítọ́. Ó gbé e padà. Ó fàmì sí "Ó ṣe é fúnra rẹ̀", ó sì sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Olúwa, dárí jì mí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

Ẹ̀ẹ̀kan náà! Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń jáde ní yàrá Bàbá Rélùwéè, ohùn kan pè é láti yàrá iwájú. Màmá Aránṣọ ni, ìyá arúgbó kan tó ti rán aṣọ ìyàwó fún ìdajì ìlú náà, tí ọwọ́ rẹ̀ kán ní ọrùn ọwọ́.

"Pssst! Mo rí ọ o."

Ìyá Jẹ́jẹ́ yíjú sí i. "Ẹ rí kí ni, mà?"

"Bàtà tọ̀hún rí ẹni wọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì tèmi ń kọ́? Àbí ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń ṣàánú fún nílùú yín?"

Ó di bọ́tìnnì. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àgbàlagbà mẹ́jọ tó wà ní ọ̀nà yẹn ti di oníbàárà rẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Màmá Aránṣọ ni olùṣọ́: bó bá ti gbúròó ko-ko-ko bàtà Màdáàmù, á fi ṣíbí lu ife lẹ́ẹ̀mejì, gbọ́ngán gbọ́ngán, Ìyá Jẹ́jẹ́ á fò dìde, ọwọ́ lẹ́yìn, á máa sọ sókè pé, "Ẹ kú ìgbìyànjú, bàbá! Ó kù díẹ̀!"

Bàbá Rélùwéè á máa ṣe bí ẹni tó ń làágùn. Èké ni bàbá yẹn.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín o! Inú Ìyá Jẹ́jẹ́ ń dùn bíi ti ọmọ tó jí súgà lá. Bó bá wọ ọ̀nà yẹn láàárọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún á nà síwájú ní yàrá mẹ́jọ. Màdáàmù fúnra rẹ̀ ka ìwé ara ògiri fún gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ wo ọ̀nà yìí! Kò sẹ́ni tí wọ́n ràn lọ́wọ́! Ẹ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin yìí!" Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ní ilé ìjọsìn, pásítọ̀ ní kó wá jẹ́rìí sí oore Ọlọ́run lórí iṣẹ́ tuntun. Ó dìde, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́," ó jókòó. Wọ́n rò pé ìtìjú ni. Ìtìjú ni lóòótọ́, kì í kàn ṣe irú èyí tí wọ́n rò.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó ṣí i lójú. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, Bàbá Rélùwéè ní, "Ọmọ mi, bá mi mú ife." Ife náà kò ju ìka mẹ́rin sí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó máa ń mú un fúnra rẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ wo ife, ó wo ọwọ́ tó sùn kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ tí wọ́n sá. Ara rẹ̀ sọ fún un. Ó gbé ife fún un ṣá.

Ọjọ́ ìdánwò ọ̀sẹ̀ kẹfà dé. Olùyẹ̀wò wá láti ìta, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fi pẹ́ńsùlù há etí. Màdáàmù ń tẹ̀lé e, inú rẹ̀ ń dùn bí ìyá ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Bàbá yìí ti wọ bàtà fúnra rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìndínlógójì," ni olùyẹ̀wò kà sókè láti inú ìwé. "Ó dáa gan-an. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ ká rí yín."

Bàbá Rélùwéè na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Síbo? Sí Ìyá Jẹ́jẹ́.

Olùyẹ̀wò na pẹ́ńsùlù sí bàtà.

"Rárá, bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Ó wá dúró síbí ṣe kí ni?" Bàbá mi ẹsẹ̀ bí ọba tí wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. "Ọmọ mi, ṣe kíá, ẹsẹ̀ ń tutù."

Láti yàrá iwájú, Màmá Aránṣọ kígbe, "Tó bá ṣe tiẹ̀ tán, kó má gbàgbé bọ́tìnnì mi o!"

Ilẹ̀ kò lanu. Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ níkọ̀ọ́ máa ń ṣe bí ẹ̀bi bá bá a: ó kúnlẹ̀. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ bàtà yẹn fún bàbá dé ìdajì. Ẹ wo ọwọ́ o! Ẹnu ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀, ọwọ́ tún ń dá a.

Olùyẹ̀wò fi ìwé bo ẹnu. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Màdáàmù kò rẹ́rìn-ín.

Nínú ọ́fíìsì, kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù.

"Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìyá rẹ kọ́ ọ ní irọ́?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ mi orí. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀. Irọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un.

"Ìwọ rò pé o fẹ́ràn wọn," Màdáàmù sọ jẹ́jẹ́. "Bàbá yẹn gbé ẹsẹ̀ méjì wá síbí, ìwọ fẹ́ dá a padà láìlẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Tí kò bá yege, ilé kejì ló ń lọ, tòmátì tán. Ọjọ́ tó bá lọ sílé kejì, ìwọ náà lọ sílé rẹ."

Ó gbé ìwé náà fún un pẹ̀lú báírò pupa. Ìyá Jẹ́jẹ́ jókòó, ó fa ìlà pupa lé irọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́rìndínlógójì. Bọ́tìnnì Màmá Aránṣọ kò sí nínú ìyẹn.

Nígbà tó délé, Bàbá Wọn wà létí fèrèsé.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, tíì mi dà?"

Kẹ́tùlù kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i lọ. Ìyá Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí apá àga. Ó rí ọwọ́ Bàbá Rélùwéè. Ó rántí gbogbo fọ́ọ̀mù tó ti bá a kọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Bàbá Wọn, kẹ́tùlù wà níwájú yín."

"Mo mọ̀. Tíì ni mo béèrè."

"Ẹ gbìyànjú, sà. Ó kù díẹ̀."

Ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì.

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?" Bàbá Wọn dìde. "Ṣé nǹkan ta ọ́ ni?"

"Kò sóhun tó ta mí. Fọ́ọ̀mù tó kù náà wà lórí tábìlì ìjẹun. Tábìlì tẹ́ ẹ sì ń wá láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn. Ní ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó yẹn sí i láìsí "ẹ má bínú" níwájú àti lẹ́yìn. Bàbá Wọn kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kò sẹ́ni tó lọ̀ ọ́, ó jáde.

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ogun!

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni Bàbá Rélùwéè ń pè é.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

"Pẹ̀lẹ́ kì í wọ bàtà!"

Ìyá Jẹ́jẹ́ di okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú lẹ́yìn bí ẹni di ìjánu ẹṣin mú, kí ọwọ́ má baà sá lọ. Ó ń gbàdúrà lábẹ́ ètè. Ọjọ́ kìíní, Bàbá kò wọ nǹkan kan, ẹsẹ̀ lásán ló fi jókòó dọ̀sán. Ọjọ́ kejì, ó ju bàtà. Lọ́jọ́ kẹta, ọgbọ́n kan sọ sí Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ́kàn.

"Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ta ló máa ń ti rélùwéè yín kó tó lọ?"

Bàbá bínú débi pé ó jókòó ṣánṣán. "Wọn kì í ti rélùwéè! Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e!"

"Áà. Mo rò pé wọ́n máa ń tì í ni."

Bàbá wò ó lójú. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi bàtà. "Ọ̀dàlẹ̀ ọlọ́gbọ́n," ló ń ráhùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan okùn. Kò dì í, ṣùgbọ́n ó kàn án.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá Wọn wọlé nílé pẹ̀lú kóòtù tó ń dán yẹ̀rì-yẹ̀rì àti pátákó olórí róbótó tó ní ọ̀pá. Iṣẹ́ ìjọba ni: kó máa dá ọkọ̀ dúró fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lójú pópó, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó tún ní lẹ́tà.

"Kò ní tábìlì," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ rọra sọ.

"Ta ló ń sọ ti tábìlì?" Ojú ọkùnrin náà ń tàn. "Mo na pátákó yìí sókè báyìí, ọkọ̀ mẹ́tàdínlógún ló dúró! Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀! Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi ṣe hẹ́dímásítà, tíṣà mẹ́jọ kò dúró fún mi bẹ́ẹ̀ rí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ wọn fi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun ń kàwé.

Ìyẹn ni pé ìwé ìgbélùú wọn kò sí nínú ewu mọ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ lè fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ó rò ó lóru kan, ó sì rí i pé kì í ṣe lẹ́tà ló ń da oorun òun rú. Tòmátì ni.

Ìdánwò kejì bọ́ sí àárọ̀ kùtùkùtù. Olùyẹ̀wò, pẹ́ńsùlù létí. Màdáàmù, ọwọ́ lẹ́yìn. Màmá Aránṣọ, ife lọ́wọ́, àtàwọn mẹ́fà yòókù, lórí ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, tò sẹ́nu ọ̀nà bí èrò ibi bọ́ọ̀lù.

Bàtà kìíní gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó mí. Èkejì gba mẹ́sàn-án. Bàbá Rélùwéè di okùn, ó gbé orí sókè, òógùn ń bọ́ ní àgbọ̀n rẹ̀, òógùn òtítọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá Jẹ́jẹ́ wo ẹsẹ̀ bàbá. Ó tún un wò. Bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì, tòsì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ó fún okùn aṣọ iṣẹ́ títí ó fi já.

Olùyẹ̀wò wo bàtà. Ó wo bébà rẹ̀. "Ìbéèrè tó wà níbí ni pé, ṣé ó wọ bàtà méjèèjì fúnra rẹ̀?" ló sọ. "Wọn ò bi mí ní nǹkan míì." Ó fàmì sí i.

Ariwo sọ! Màmá Aránṣọ lu ife bí ẹni máa fọ́ ọ.

Bàbá Rélùwéè rìn jáde ní ilẹ̀kùn onígíláàsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú síta bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ wà lódìkejì títì. Ta ló sì wà láàárín títì yẹn, ojú ọ̀nà ilé-ìwé? Bàbá Wọn ni, nínú kóòtù yẹ̀rì-yẹ̀rì, ó ti fi bọ́tìnnì kejì sí ihò kìíní, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga lápá kan bí ilé tó fẹ́ wó. Ó na pátákó. Gbogbo ọkọ̀ dúró. Bàbá Rélùwéè kó afẹ́fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fọn "Fúúùù!" bí ẹ́ńjìnnì, ó kọjá.

Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà tó lòdì àti bọ́tìnnì tó wọ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà mí, mo mọ̀ yín. Mo mọ ọwọ́ yín, kì í sinmi. Mi ò ní kí ẹ má ṣàánú. Ṣùgbọ́n ẹ máa wò ó dáadáa bóyá ẹni tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ ni ẹ ń ràn, àbí ọkàn ara yín tó fẹ́ gbọ́ "Ọlọ́run ló rán ọ wá." Tó bá sì ti di pé ẹ ń purọ́ kí oore yín má baà hàn, ẹ tètè kó ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀.

Màdáàmù Má-fọwọ́-kàn-án wá dúró ti Ìyá Jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wò ó. Títì ló ń wò.

"Lẹ́tà rẹ wà lórí tábìlì mi," ló sọ.

Ìyá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ láti gbà á, bí ẹni pé obìnrin náà mú un dání.

"Mo ní orí tábìlì ló wà."

Mo lọ mú un fúnra mi.